Orin Tí Ó Wà Nínú Ọ̀rọ̀: Ìtàn Bí A Ti Ń Fi Orin Sí Ewì fún Àwọn Ọmọ Wa, Pẹ̀lú Ọ̀rọ̀ fún Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí àwa fẹ́ bá yín sọ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú ẹni tí kò bá rò ó jinlẹ̀, nítorí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ orin ọmọdé. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi orin kọ́ ọmọ ní kékeré a máa bá a dàgbà. Àgbàlagbà tí ó ti gbàgbé gbogbo ìṣirò tí a kọ́ ọ ní ilé ìwé a tún máa rántí orin tí ìyá rẹ̀ ń kọ nígbà tí ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Nítorí náà ó tọ́ kí a béèrè pé: nígbà tí a bá mú ewì àwọn baba wa, tí a sì fi orin sí i kí àwọn ọmọ lè máa kọ ọ́ nínú ilé, ṣé ewì náà ni ọmọ ń kọ ní tòótọ́, tàbí ohun mìíràn?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè ti ń ṣe tiwọn. Ní ọdún 1806, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí a ń pè ní Jane Taylor tẹ ewì kékeré kan jáde lórí ìràwọ̀. Kò sí ẹni tí ó jókòó ṣe orin fún un. Ohùn kan tí ó ti wà ní ilẹ̀ Faransé, tí a ti tẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1761 kí a tó bí obìnrin náà rárá, ni a mú, tí a fi wọ ewì náà bí ẹni fi ẹ̀wù wọ ọmọ. Ẹ̀wù náà bá a mu. Gbogbo ayé ni ó ń kọ orin yìí fún ọmọ ọwọ́ títí di òní, kò sì sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ṣi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gbọ́, nítorí pé bí Gẹ̀ẹ́sì bá gbé ohùn sókè tàbí tí ó bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kò ti ibẹ̀ di òmíràn.

Èdè tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn mẹ́ta ni ó ní, ti òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀, àwọn ohùn wọ̀nyí ni wọ́n sì ń ya ọ̀rọ̀ kan kúrò lára ìkejì. Ọkọ tí obìnrin fẹ́, ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, ọkọ̀ tí àwọn ará etí omi fi ń ná ọjà, àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun gbé lọ́wọ́, lẹ́tà kan náà ni a fi kọ gbogbo wọn. Ohùn nìkan ni ó là wọ́n. Bí ọmọdé bá ń kọrin pé bàbá òun gbé ọkọ́ lọ sí oko, tí ohùn orin sì wálẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó gòkè, ọkọ̀ ni bàbá náà rù lọ sí oko ní etí ẹni tí ń gbọ́. A lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àdúrà ńkọ́, tàbí oríkì baba ńlá ẹni?

Ọ̀nà tí orin ìsìn gbà dé apá ibí yìí kò jìnnà sí wa. Ní àkókò Gómìnà Glover, ẹni tí ó fi Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1872, ni a ṣí ọ̀nà ìlà-oòrùn, tí ó gba orí ọ̀sà láti Èkó, tí ó sì ti etí omi gba àárín àwọn ará Ìkálẹ̀ gòkè lọ sí Òǹdó. Ọ̀nà yìí ni àwọn oníṣòwò gbà, òun náà ni àwọn oníwàásù ìjọ C.M.S. gbà, tí iṣẹ́ ìhìn rere fi bẹ̀rẹ̀ ní Òǹdó ní ọdún 1875, tí Charles Phillips, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, sì dé ibẹ̀ ní ọdún 1877. Orin tí wọ́n mú wá jẹ́ orin Gẹ̀ẹ́sì tí a túmọ̀ sí Yorùbá. Ọ̀rọ̀ di tiwa, ohùn sì wà gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní Ìlú Ọba. A kò sọ èyí láti fi kẹ́gàn àwọn baba wọ̀nyí. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe pọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa lè ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí a kíyè sí. Àgbàlagbà tí ó mọ ìwé, tí ìwé orin wà lọ́wọ́ rẹ̀, a máa fi ojú ka ohun tí etí rẹ̀ kò gbọ́, ọkàn rẹ̀ a sì tún ọ̀rọ̀ náà tò bí ó ti ń kọ ọ́. Ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Etí nìkan ni ó ní. Ohun tí orin bá sọ fún un, ìyẹn náà ni ó gbọ́. Bí orin kò bá sì sọ nǹkan kan, yóò kàn máa pariwo tẹ̀lé àwọn àgbà ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì ọ̀rọ̀ náà, èyí ni ewì tiwa fúnra wa. Ní ọdún 1886, Emanuel Moses Líjàdù, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ ìhìn rere ní Òǹdó, tẹ ìwé kékeré kan jáde tí ó kó iṣẹ́ akéwì Ẹ̀gbá kan jọ, Aríbilọ́ṣọ̀ọ́ ni orúkọ rẹ̀. Ìwé ewì ni àwa ìba pè é lónìí. Ìwé orin ni Líjàdù pè é. Orúkọ yìí kì í ṣe àṣìpè, nítorí àwọn baba wa kò mọ ògiri kankan láàárín ewì àti orin. Ẹni tí ó ń sun rárà, ẹni tí ó ń sun ẹkún ìyàwó, ìyá àgbà tí ó ń ki ọmọ ọmọ rẹ̀ ní òwúrọ̀, kò sí èyí tí ó ń kàn sọ̀rọ̀ lásán nínú wọn, kò sì sí èyí tí ó lọ wá ohùn wá láti ibòmíràn. Ìwé ni ó pín wọn níyà, nítorí ó rọrùn fún ìwé láti gbé ọ̀rọ̀, ó sì ṣòro fún un láti gbé ohùn. Lẹ́yìn Líjàdù ni Ṣóbọ̀ Aróbíodu ti Abẹ́òkúta (1858 sí 1936) tẹ ewì tirẹ̀ jáde ní ọ̀pọ̀ ìwé. Ohùn àrùngbè, ti àwọn olórò, ni ó sì gbé wọn kà. Ará Abẹ́òkúta tí ó bá ṣí ìwé náà a máa gbọ́ ohùn yìí láti orí ìlà kìíní. Ará Ìkálẹ̀ tí ó bá ṣí i, ọ̀rọ̀ nìkan ni yóò rí.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi hàn ní gbangba pé a lè ṣe é lọ́nà mìíràn, lójú tiwa, ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti (1855 sí 1930). Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ó mú ohùn tí àwọn ènìyàn ti mọ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìhìn rere tí ó bá ohùn náà mu sí i. Ní ọdún 1922 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀n, ó sì kọ orin tí ó lé ní 40 sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ẹ kíyè sí ohun tí àwo yìí ṣe. Ìgbà yẹn ni ilé tí ó ní ẹ̀rọ giramafóònù lè gbọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ohùn rẹ̀ pa pọ̀ nínú yàrá, bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ, láìsí pé akọrin kan wà níbẹ̀. Ohun tí ìwé kò lè gbé, àwo gbé e.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù ti Òǹdó, Thomas King Ekundayo Phillips. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀n láti ọdún 1911 sí 1914, ó sì padà wá di olùtẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church ní Èkó, níbi tí ó wà títí di ọdún 1962. Ó gbé orin Yorùbá yẹ̀ wò bí oníṣègùn ti ń yẹ ara wò, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé kan ní ọdún 1953. Ó fi hàn pé ohùn márùn-ún ni orin àtijọ́ wa fẹ́ràn láti lò, àti pé ohùn ọ̀rọ̀ ni ó ń darí ohùn orin. Kì í ṣe pé olùṣe orin di ẹrú ọ̀rọ̀. Níbi tí gbólóhùn bá parí, ó lè tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè tàbí láti ìsàlẹ̀ bí ó bá ti wù ú. Bí ọ̀rọ̀ bá gòkè, orin lè gòkè díẹ̀ tàbí kí ó fò sókè púpọ̀. Kìkì pé kò gbọdọ̀ wálẹ̀. Onílù gángan mọ èyí láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní àmì do-re-mi. Ó ń fi awọ sọ̀rọ̀, a sì ń gbọ́ ọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé le jù ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ orin. Orin Gẹ̀ẹ́sì lè ní ẹsẹ mẹ́fà, kí ohùn kan ṣoṣo tó gbogbo wọn. Nínú Yorùbá, ohùn tí ó bá ẹsẹ kìíní mu rẹ́gí yóò da ẹsẹ kejì rú, nítorí kò sí akéwì tí ó lè to ọ̀rọ̀ ẹsẹ mẹ́fà kí òkè àti ìsàlẹ̀ wọn bá ara dọ́gba. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi orin sí ewì gígùn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí orin náà máa yí padà bí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Eléyìí kì í ṣe ohun àìgbọ́ rí: ní ilẹ̀ Ọ́sítríà, Franz Schubert, ọmọ ọdún 18, ṣe bẹ́ẹ̀ sí ewì Goethe kan ní ọdún 1815, nípa bàbá tí ó gbé ọmọ rẹ̀ gun ẹṣin ní òru, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè rẹ̀ kò fi agbára mú un. Ṣùgbọ́n orin tí kò padà sí ibi kan rí a máa ṣòro fún ọmọdé láti há sórí. Báwo ni àwọn baba wa ti ṣe é? Ẹ wo orin inú àlọ́. Apàlọ́ ni ó ń gbé èyí tí ó ń yí padà. Àwọn ọmọ ń gbe ègbè kan ṣoṣo, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yí padà, tí ohùn rẹ̀ náà kò sì yí padà. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè gbe ègbè ní àárín àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ètò yìí ti tán ìṣòro náà kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fi ọwọ́ kan dùùrù, ó sì yà wá lẹ́nu pé àwọn olùṣe orin wa kì í lò ó fún ewì inú ìwé ju bí wọ́n ti ń lò ó lọ.

Ní ọdún 1943 ni ìwé Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ jáde, olùkọ́ kan láti Ìbarà ní Abẹ́òkúta. Ewì rẹ̀ lórí iṣẹ́ ṣíṣe ti di ti gbogbo ilé ìwé ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí ẹ bá sì tẹ́tí sí kíláàsì kan tí ó ń kà á ní àkàpọ̀, ẹ ó gbọ́ pé wọn kò kàn kà á bí ìròyìn. Wọ́n ń fa ohùn, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbà á, gbogbo wọn ń gòkè, wọ́n sì ń wálẹ̀ pọ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ orin náà sílẹ̀ fún wọn. Inú ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti fà á yọ. A rò pé ìdí nìyí tí àgbàlagbà tí kò tún ṣí ìwé náà mọ́ láti ogójì ọdún ṣì fi lè ka ewì yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ilé, sí Òkìtìpupa, Ìkọ̀yà, Ìrèlè, Ìlútitun, Igbótako àti gbogbo ìlú Ìkálẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa le ní ìlọ́po méjì. Yorùbá tí ó wà nínú ìwé orin àti nínú Aláwìíyé kì í ṣe èyí tí ọmọ Ìkálẹ̀ gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ọma ni ìyá rẹ̀ pè é, kì í ṣe ọmọ. Èdè ilé rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ó fi u bẹ̀rẹ̀, èyí tí Yorùbá inú ìwé kò ní, ó sì ní ìró gh tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ láti ibòmíràn kò lè pè. Nítorí náà nígbà tí olùkọ́ tí ó ní inú rere bá gba oríkì lẹ́nu ìyá àgbà Ìkálẹ̀, tí ó sì tún un kọ ní Yorùbá inú ìwé kí ó lè mọ́ létí gbogbo ènìyàn, ohun méjì ni ó ti yí padà. Ọ̀rọ̀ ti yí, ohùn tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ sì ti yí tẹ̀lé e. Orin tí ó bá fi sí i lẹ́yìn náà lè dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò ní lè bá ọmọ ọmọ rẹ̀ kọ ọ́. Bí ìyá àgbà kò bá sì lè bá ọmọ náà kọ ọ́, ta ni a ṣe orin ìdílé fún?

Àwọn olórin ayé ti ṣíwájú wa nínú ọ̀ràn yìí, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́. Àwọn tí ń ṣe bírípo kò dúró de ìwé. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, Olóyè Comfort Ọmọge gbé àṣíkò Ìkálẹ̀ sínú àwo, ní ohùn Ìkálẹ̀ gan-an, àwọn ènìyàn tí kò gbọ́ Ìkálẹ̀ dáadáa sì rà á, wọ́n sì jó o. Kò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ti ìwé kí ayé tó gbà á. Ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wa kò tíì fi irú ìgboyà bẹ́ẹ̀ lo èdè ilé.

Iṣẹ́ náà kò pọ̀ jù fún ìjọ kan. Kí a wá ẹni tí ó mọ oríkì tàbí àlọ́ ìlú náà, kí a jẹ́ kí ó wí i bí ó ti ń wí i, kí a má sì tún un ṣe fún un. Kí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Fóònù tí ó wà lápò ọ̀dọ́mọkùnrin kọ̀ọ̀kan tó fún èyí. Kí a kọ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀. Kí olórí akọrin wí i léraléra títí yóò fi gbọ́ ibi tí ó ń gòkè àti ibi tí ó ń wálẹ̀, kí ó tó jókòó sí ìdí dùùrù. Kí ó yan ìlà kan ṣoṣo fún ègbè, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tí ń gbè é. Nígbà tí ó bá ṣe tán, kí ó kọ ọ́ fún ìyá àgbà náà láìsọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un, pẹ̀lú dùùrù nìkan, kí ó sì bi í léèrè ohun tí ó gbọ́.