Akin Euba àti Ọ̀ràn Dídá Ìlù Lù Nínú Orin Àkọsílẹ̀

Ní ọdún 1959, ní ìlú Darmstadt ní ilẹ̀ Jámánì, Christoph Caskel dá dúró láàrin oríṣiríṣi ìlù àti agogo, ó sì lu Zyklus, iṣẹ́ tí Karlheinz Stockhausen kọ fún onílù kan ṣoṣo. Ojú ìwé tó bá wu onílù ni ó ti lè bẹ̀rẹ̀. Yóò máa yí po títí yóò fi padà kan ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ náà wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú orin àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù.

Lójú Yorùbá, dídá ìlù lù kì í ṣe ohun tuntun. Ṣùgbọ́n onígángan tó ń ki àlejò níbi ìnáwó ní Oṣòdì tàbí Ìsọlọ̀ kì í gbé ìwé orin ka iwájú. Ojú ẹni tó wọlé ni ó ń wò kí ó tó mọ oríkì tí yóò fi ìlù sọ. Bí a bá wá kọ irú ìlù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn máa lù ú nínú gbọ̀ngàn, ta ni ìlù náà ń bá sọ̀rọ̀?

Akin Euba, tí a bí ní Èkó ní 1935, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ojútùú sí ọ̀ràn yìí. Lẹ́yìn tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, ó padà wálé ní 1957, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Rédíò Nàìjíríà. Ní 1963, ó kọ Igi Nla So fún píánò àti ìlù Yorùbá mẹ́rin. Nígbà tó kọ Scenes from Traditional Life ní 1970, kò sí ìlù níbẹ̀ mọ́. Píánò nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìlù. Àrà yìí kò ṣàjèjì tó bí a ti lè rò, nítorí òòlù kéékèèké ni ó ń lu wáyà nínú píánò. Kò sì fi ìlù gan-an sílẹ̀: orí dùndún ni ó kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lé ní Yunifásítì Gánà, Legon, ní 1974, ìwé rẹ̀ lórí ìlù náà sì jáde ní 1990.

Ohun tí píánò lè gbà lọ́wọ́ dùndún kò kéré. Gúdúgúdú, tí a kì í fún awọ rẹ̀ bí a ti ń lù ú, bá a mu dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn omele tó ń tún ọwọ́ kan náà lù léraléra. Ìyáàlù ni ó le. Bí onílù bá ti ń fún awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, ohùn á yọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, bí ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́ ti ń ṣe lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ohùn kan ṣoṣo ni bọ́tìnì píánò kọ̀ọ̀kan ní, kò sí èyí tó ń yọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, ọwọ́ ìlù ni ó dé orí píánò nínú iṣẹ́ Euba; ọ̀rọ̀ tí ìyáàlù ń sọ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Àyàn.