Bit Kẹjọ: Ìtàn Àpótí TNC àti Àmì Ohùn Wa

Ní 1978 ni ìjọba Kánádà gba àwọn radioamateur, ìyẹn àwọn tó ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìgba owó, láyè láti máa fi ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Ẹgbẹ́ kan ní Vancouver ṣe àpótí tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ rédíò. Ẹgbẹ́ TAPR ní Tucson, Amẹ́ríkà, tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì gbé TNC-2 jáde ní 1985.

Síso ó kò le. Okùn RS-232 lọ láti kọ̀ǹpútà sí àpótí. Wáyà mẹ́ta nínú rẹ̀ tó ṣiṣẹ́: èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, èyí tó ń gbé e bọ̀, àti èyí tó so ilẹ̀ wọn pọ̀. Okùn kejì lọ sí rédíò. Ìró méjì péré ni àpótí ń lò, 1200 Hz àti 2200 Hz. Kì í wo èwo ló ga. Bóyá ìró yí padà ló ń wò. Bó bá yí, 0 ni. Bí kò bá yí, 1 ni.

Ibi tó kan àwa onímọ̀ èdè ni iye bit tí lẹ́tà kan ní. ASCII, ti ọdún 1963, ní bit méje, àyè 128 péré. Òfin AX.25 tó ń darí ọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ kò kọ bit kẹjọ. TNC-2 ló ń gé e dànù bí a kò bá yí àṣẹ tó bá a wá padà. Èdè Faransé rí ọgbọ́n dá sí i: ìlànà NF Z 62-010 fi é sí àyè {. Ṣùgbọ́n ɛ àti ɔ, tí Benin ti gbà sínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè rẹ̀, kò sí níbẹ̀.

Ní Aklampa, lábẹ́ Glazoué, mo ń kó ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ jọ. Mo wá ṣe ìṣirò lórí UTF-8. ɔ ni C9 94, ɛ ni C9 9B. Bí bit kẹjọ bá ṣubú, lẹ́tà I ni àwọn méjèèjì ń dà, pẹ̀lú àmì kan tí ojú kò rí. Àmì òkè ni CC 81, àmì ìsàlẹ̀ ni CC 80. L ni àwọn náà ń dà. Nítorí náà ɔkɔ́ tí a fi ń ro oko àti ɔkɔ̀ tí a ń wọ̀ di IkIL kan náà lójú. Ti Nàìjíríà tún burú: ọ di «a;» pẹ̀lú 0D, èyí tí TNC-2 kà sí àṣẹ pé kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ á já láàárín.

Bí àwọn àmì tí ojú kò rí náà bá tún sọnù, ohun tó sọnù báyìí kò ṣeé fi ẹ̀rọ wá padà. Ẹni tó bá bá IkIL nìkan pàdé nínú àkójọ àtijọ́ gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń sọ èdè náà, bí ẹni náà bá ṣì wà láyé.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àtúnṣe rẹ̀ kò ju àṣẹ díẹ̀ lọ, lára wọn ni AWLEN 8, PARITY 0, 8BITCONV ON. Kì í ṣe pé èdè wa le jù fún ẹ̀rọ. Àwọn tó ṣètò àpótí náà kò ronú kan ẹni tó ń kọ àmì ohùn ni.