Kẹ̀kẹ́ Ológeere àti Títì Ìgboro

Ohun méjì ni ó ń sọ bóyá kẹ̀kẹ́ ológeere yóò rọrùn láti gùn láàárín ìgboro: èkíní ni bí a ti ṣe kẹ̀kẹ́ náà, èkejì ni bí a ti ṣe ọ̀nà tí yóò gbà kọjá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wo èkíní, wọn a sì gbàgbé èkejì. Ìtàn ilẹ̀ Netherlands, tí a tún ń pè ní Họ́láǹdì, fi hàn pé èkejì ni ó wúwo jù.

Kẹ̀kẹ́ kò bá ìrọ̀rùn wá sáyé. Ní 1817, ní ìlú Mannheim ní ilẹ̀ Jámánì, Karl von Drais gbé ẹ̀rọ onígi ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan jáde. Ẹni tí ó gùn ún ní láti máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ta ilẹ̀ kí ó tó lè lọ. Láàárín 1860 sí 1870, àwọn ará Paris fi ohun ìtẹ̀sẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n igi àti irin ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, ó sì ń mi ènìyàn jìgìjìgì. Lẹ́yìn èyí ni kẹ̀kẹ́ gíga dé, èyí tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Ẹni tí ó bá já bọ́ láti orí rẹ̀, orí ni yóò fi gúnlẹ̀. Eré àwọn ọ̀dọ́kùnrin alágbára ni. Kì í ṣe ohun tí ìyá ọlọ́mọ lè gùn lọ sí ọjà.

Ní 1885 ni John Kemp Starley ti ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe kẹ̀kẹ́ Rover. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣéènì ni ó sì ń yí ti ẹ̀yìn. Ní 1888, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran kan ní Belfast, gba àṣẹ lórí táyà rọ́bà tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, lẹ́yìn tí ó ti kọ́kọ́ dán an wò lára kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ ti di ohun tí tọmọdé tàgbà, tọkùnrin tobìnrin, lè gùn.

Irú kẹ̀kẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn Yorùbá. Raleigh tí ó ti Nottingham wá ni ọ̀pọ̀ olùkọ́, akọ̀wé, katikíìsì àti oníṣòwò kòkó gùn láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Họ́láǹdì di irú rẹ̀ mú, wọ́n sì ń pe ọ̀kan nínú wọn ní omafiets, èyí ni kẹ̀kẹ́ ìyá àgbà. Ẹni tí ó gùn ún a jókòó ṣánṣán, ojú rẹ̀ a sì ríran jìnnà. Ìbòrí wà fún ṣéènì kí gírísì má ba aṣọ jẹ́. Ohun tí ń gba ẹrẹ̀, iná àti káríà ẹ̀yìn náà wà. Kò sí pé ènìyàn ń wá aṣọ eré ìdárayá kí ó tó gùn ún lọ sí ibi iṣẹ́.

Síbẹ̀, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, mọ́tò pọ̀ sí i ní Họ́láǹdì, a sì ń fẹ títì nítorí wọn. Kẹ̀kẹ́ kò yí padà. Ọ̀nà ni ó yí padà. Ní 1971 nìkan, àwọn tí ó kú lójú títì ju 3,000 lọ, ọmọdé sì ju 400 lọ nínú wọn.

Yorùbá ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Ní 1972, akọ̀ròyìn Vic Langenhoff, tí mọ́tò pa ọmọbìnrin rẹ̀, kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn De Tijd pé kí a dẹ́kun pípa ọmọdé. Àwọn òbí gbárajọ, wọ́n sì ń dí títì láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní oṣù kẹwàá 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá kan kọ̀ láti ta epo fún Họ́láǹdì. Láti ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá, ìjọba fi òfin de mọ́tò ní ọjọ́ Ìsinmi fún ìgbà díẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń gun kẹ̀kẹ́ lójú títì tí ó ṣófo. Wọ́n fi ojú ara wọn rí i pé ìgboro lè rí bẹ́ẹ̀. Ní 1975 ni ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ dìde. Ní 1976 òfin fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ọmọdé tí ń ṣeré ní ipò iwájú ní àwọn òpópónà àdúgbò kan. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀ láti ìlú dé ìlú.

Epo kan náà tí ó wọ́n gógó ní Họ́láǹdì ni ó sọ owó di púpọ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò Volkswagen ní Èkó àti Peugeot ní Kàdúná. Kí ó tó di 1980, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti mú kí ìjọba pín ọjọ́ fún àwọn mọ́tò Èkó gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà wọn. Kò sí àyè tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ lójú títì náà.

Lónìí, kẹ̀kẹ́ pọ̀ ju ènìyàn lọ ní Họ́láǹdì. Àwọn kan a máa sọ pé nítorí pé ilẹ̀ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ ní 1971 tí àwọn ọmọdé ń kú. Ìpinnu ènìyàn ni ó yàtọ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìlú tí ó bá la títì fún mọ́tò nìkan ti dí ọ̀nà ọjà mọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀.