Àárẹ̀ Tí Oorun Kì í Gbé Lọ: Àìsàn Fibromyalgia Lára Obìnrin

Fibromyalgia ni àìsàn tó ń mú kí ara máa ro ènìyàn káàkiri, lókè ìbàdí àti nísàlẹ̀ rẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àárẹ̀ ńlá, oorun tí kì í ṣe ara lóore àti iyè tó ń ra ló máa ń bá a rìn. Kì í ranni, kì í jẹ eegun, kì í ba oríkèé jẹ́. Káàkiri àgbáyé, nǹkan bí ènìyàn 2 sí 4 nínú 100 ló ní in, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Yorùbá kò tíì ní orúkọ kan tó dúró fún un. Làkúrègbé tàbí aromọléegun ni wọ́n sábà máa ń pè é, àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe òun.

Síbẹ̀, èdè wa ti sọ ohun kan nípa rẹ̀. Bí a bá ní ẹnì kan ń ṣe àárẹ̀, àìsàn ni à ń wí. Bí a bá ní ó rẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ tó ṣe ni ọkàn wa kọ́kọ́ ń lọ sí. Lára obìnrin tó ní fibromyalgia, méjèèjì ti di ọ̀kan: rírẹ̀ náà gan-an ni àìsàn. Ó sùn láti alẹ́ dòwúrọ̀, ó jí, ó sì rẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe rẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń lọ sùn.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sílé. Ní Ayégbajú-Èkìtì, àti ní Ìlúpéjú, Ìrè àti àwọn ìlú mìíràn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, apá obìnrin ló ń gbé ilé ró. Òun ló ń pọn omi, tó ń gún iyán, tó ń yan gààrí nínú agbada lẹ́bàá iná, tó tún ń ru ẹrù oko wálé. Obìnrin tí àìsàn yìí bá wà lára rẹ̀ lè gún iyán lónìí kó má ní kókó kankan, kó má sì lè gbé ìgbálẹ̀ lọ́la. Ọ̀já tó fi so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ń dùn ún láyà bí ẹni pé wọ́n fi okùn dè é. Irun dídì ń dùn ún. Ó gbé ọbẹ̀ kaná, ó fi iyọ̀ sí i, kò rántí pé òun ti fi sí i, ó tún bu òmíràn sí i. Èyí tó ń bà á lọ́kàn jẹ́ jù ni ìkíni. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, kò lè dìde àfi tó bá di ògiri mú. Lọ́jọ́ tí kò bá wá lè kúnlẹ̀ mọ́, wọn a ní ó ti di agbéraga. Lójú ẹni tó ń wò ó, kò sí ohun tó ṣe é: kò rù, kò wú, ara rẹ̀ kò gbóná. Bí ọ̀rọ̀ “ọ̀lẹ” ṣe ń wọlé nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe òótọ́.

Kì í ṣe ìyá ọkọ nìkan ni kò tètè mọ̀. Ó pẹ́ kí àwọn dókítà pàápàá tó ka àárẹ̀ sí. Ní 1904, William Gowers, dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pe irú ìrora yìí ní fibrositis, nítorí ó rò pé ẹran ara ló wú. Nígbà tí wọn kò rí wíwú kankan, Philip Hench, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ títí di òní, fibromyalgia, ní 1976. Ní 1990, àjọ àwọn dókítà aromọléegun ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ìlànà jáde: kí dókítà fi àtàǹpàkò tẹ ojú ibi 18 lára, bí ara bá ń ro aláìsàn káàkiri, tí ó kéré tán 11 nínú ojú ibi náà sì dùn ún, fibromyalgia ni. Ìlànà yẹn kò ka àárẹ̀ rárá. Ó di 2010 kí wọ́n tó yí i padà, tí wọ́n ní kí dókítà béèrè ibi tó ń ro ènìyàn nínú apá ara 19, kó sì tún béèrè bó ṣe ń rẹ̀ ẹ́ tó, bí ara rẹ̀ ṣe máa ń rí tó bá jí, àti bí iyè rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Níbo ni àárẹ̀ náà ti ń wá? Ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń gbé ohùn ìrora sókè ju bó ṣe yẹ lọ, bí ìgbà tí wọ́n yí rédíò sókè tí kò ṣeé yí wálẹ̀. Ohun tí kò yẹ kó dun ènìyàn á wá máa dùn ún, ara kì í sì í sinmi. Oorun náà kì í jinlẹ̀. Ní Toronto ní Kánádà, dókítà Harvey Moldofsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ọpọlọ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ lójú oorun, wọ́n sì rí i pé àmì àìsùn ń yọ sí àárín oorun ìjìnlẹ̀. Wọ́n wá fi ariwo dí oorun ìjìnlẹ̀ àwọn tí ara wọn dá lọ́wọ́ fún òru bíi mélòó kan. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn náà, ó sì rẹ̀ wọ́n. Ọdún 1975 ni wọ́n tẹ àbọ̀ iṣẹ́ yìí jáde. Mo ka èyí sí pàtàkì fún ilẹ̀ wa, níbi tí aláìsàn ti máa ń lọ ìṣọ́ òru léraléra nítorí ìwòsàn. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n a lè gbà á lọ́sàn-án, kí òru lè jẹ́ ti oorun.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi fibromyalgia hàn, fọ́tò egungun kì í sì í fi í hàn. Nílẹ̀ wa, ibà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí yóò fi sú aláìsàn. Bí àyẹ̀wò kò bá rí nǹkan kan, wọn a ní ọwọ́ ayé ni. Àyẹ̀wò yẹn wúlò síbẹ̀, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, lupus, fòníkúfọ̀ladìde àti ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa lè fa àárẹ̀ àti ìrora, wọ́n sì ní ìtọ́jú tiwọn. Ẹnì kan sì lè ní ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú fibromyalgia.

Àwọn dókítà aromọléegun kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Adélọ́wọ̀ ní Èkó wà lára àwọn tó ṣáájú nínú iṣẹ́ náà. Fún àríwá Èkìtì, Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì ni ilé ìwòsàn ńlá tó wà nítòsí.

Oògùn kan kò wò ó tán. Amitriptyline díẹ̀ lálẹ́ a máa ran oorun àwọn kan lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ láyé, owó rẹ̀ kò sì ga. Pregabalin ni oògùn àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún un, ní 2007. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ wọ́n fúnni. Diclofenac àti ibuprofen tí a ń rà ní kẹ́míìsì kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án, wọ́n sì lè dá egbò sí ikùn, kí wọ́n sì ba kíndìnrín jẹ́. Dexamethasone tí àwọn kan ń pò mọ́ oògùn ara ríro kì í tọ́jú rẹ̀ rárá.

Ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù, gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn EULAR, àjọ aromọléegun ilẹ̀ Yúróòpù, ní 2016, ni eré ìmárale. Ìrìn díẹ̀díẹ̀ ni kí aláìsàn fi bẹ̀rẹ̀, kí ó máa fi kún un bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ oko kò lè dípò èyí, nítorí oko kì í dúró de ara. Ọjọ́ tí ara bá dá díẹ̀ léwu jù: obìnrin náà á fọ gbogbo aṣọ tó ti pọ̀ sílẹ̀, á pọn omi kún ìkòkò, á lọ ọjà, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò sì fi dùbúlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìdajì iṣẹ́ lọ́jọ́ tó dára, kó sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́, èyí ló ń pẹ́ lọ́wọ́. Kò sì lè ṣe é bí àwọn ará ilé kò bá gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọkọ di ọmọ odó mú, kí àwọn ọmọ pọn omi.

Ẹ̀yin obìnrin tí ara ń ro káàkiri láti oṣù mẹ́ta, tí ẹ kì í sì í jí dáadáa, ẹ lọ rí dókítà. Bí ó bá bi yín pé kí ló ń ṣe yín, ẹ kọ́kọ́ sọ ti àárẹ̀ náà fún un, kí ẹ tó sọ ti ìrora.