Ṣé a lè kó awo gíà kásẹ́ẹ̀tì méjì pọ̀ sórí básíkù kan? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ rèé

Ẹ ra ṣéènì tuntun sórí básíkù yín. Ẹ gùn ún jáde láti Sàngó-Ọ̀tà, ẹ bọ́ sórí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ẹ dìde dúró lórí pẹ́dà kẹ́ ẹ lè sáré díẹ̀, ni ṣéènì bá fò gbàù! Ẹsẹ̀ yọ̀, básíkù mì lọ sápá kan. Lójú ọ̀nà tí tírélà àwọn iléeṣẹ́ Ọ̀tà àti Agbára ń gbà kọjá, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tún básíkù ṣe ni pé kí wọ́n lọ ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun. Kásẹ́ẹ̀tì ni àkójọ àwọn awo onírin eléyín tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ nígbà mìíràn, awo kan tàbí méjì péré ló ti jẹ. Ẹni tó ń gun básíkù lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ lójú ọ̀nà tí kò ní òkè ńlá sábà máa ń lo awo àárín, bí eléyín 15 àti eléyín 17. Àwọn yòókù lè ṣì wà digbí. Ẹ lè yọ awo tó dáa lára kásẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ mìíràn, kẹ́ ẹ fi rọ́pò èyí tó bà jẹ́. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó ní òfin tiẹ̀.

Ṣé kásẹ́ẹ̀tì ni àbí fíríwíìlì?

Ẹ kọ́kọ́ wo èyí tó wà lára básíkù yín. Ẹ fọwọ́ yí awo eléyín sẹ́yìn, kẹ́ ẹ máa wo òrùka onígígé tó wà láàárín, níbi tí wọ́n ń ki irinṣẹ́ bọ̀. Tí òrùka yẹn bá ń bá awo yí, kásẹ́ẹ̀tì ni. Tó bá dúró sójú kan, fíríwíìlì ni, èyí tí wọ́n lọ́ mọ́ họ́ọ̀bù lódindi. Kásẹ́ẹ̀tì la ń sọ níbí.

Iye awo gbọ́dọ̀ bára mu

Òfin tó ga jù nìyí. Kásẹ́ẹ̀tì oníwo 8, oníwo 9 àti oníwo 10 ti Shimano máa ń wọ họ́ọ̀bù kan náà, ti SRAM náà sì ń wọ̀ ọ́. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Àlàfo tó wà láti awo kan sí èkejì ò dọ́gba: 4.8 mílímítà ni ti oníwo 8, 4.35 ni ti oníwo 9, 3.95 sì ni ti oníwo 10. Tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ gíà oníwo 8 wa kásẹ́ẹ̀tì oníwo 9, ìyàtọ̀ 0.45 mílímítà ló máa wà ní ìgbésẹ̀ kan. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa dé ìgbésẹ̀ keje, ó ti di 3.15 mílímítà. Ṣéènì á máa wà láàárín awo méjì, á máa pariwo, á sì máa fò.

Nítorí náà, awo oníwo 8 pẹ̀lú oníwo 8, oníwo 9 pẹ̀lú oníwo 9. Àwọn wọ́ṣà tó wà láàárín wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ tiwọn náà. Ti Campagnolo ò wọ họ́ọ̀bù Shimano. Ẹ má fi òòlù gbá a wọlé.

Awo tó kéré jù àti nọ́ọ̀tì rẹ̀

Awo tó kéré jù lọ ló wà níta pátápátá. Wọ́n gé ojú rẹ̀ kí nọ́ọ̀tì tó de gbogbo kásẹ́ẹ̀tì lè dì í mú. Awo eléyín 13 tó wà ní ipò kejì ò ní gígé yẹn, torí náà kò lè ṣe iṣẹ́ awo ìkangun. Nọ́ọ̀tì náà ní ìwọ̀n tiẹ̀: èyí tí wọ́n ṣe fún eléyín 12 fẹ̀ ju èyí tí wọ́n ṣe fún eléyín 11. Tẹ́ ẹ bá fi ti 12 de eléyín 11, ṣéènì á máa gbá a. Tẹ́ ẹ bá ti ń mú awo ìkangun, ẹ mú nọ́ọ̀tì rẹ̀ dání.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ ká mú kásẹ́ẹ̀tì oníwo 8 méjì. Ti àkọ́kọ́ ní 11-13-15-17-19-21-24-28. Ìkejì ní 12-13-15-17-19-21-23-25. Tẹ́ ẹ bá yọ 11 kúrò lára àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ fi 12 ti ìkejì àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ síbẹ̀, ẹ ti ní 12-13-15-17-19-21-24-28.

Kí lèrè rẹ̀? Ká ní awo iwájú yín jẹ́ eléyín 42, táyà yín sì ń rin nǹkan bíi mítà 2.1 tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Lórí eléyín 11, ẹ máa rin nǹkan bíi mítà 8 tí pẹ́dà bá yí lẹ́ẹ̀kan. Lórí 12, mítà 7.35. Ó fúyẹ́ díẹ̀ fún ẹsẹ̀. Eléyín 28 ṣì wà níbẹ̀ fún òkè àti ẹrù: mítà 3.15 péré ló ń rìn, nígbà tí 25 ń rin mítà 3.5.

Àwọn awo ńlá lè jẹ́ èyí tí wọ́n kàn pọ̀ mọ́ra. Ẹ má tú wọn tí kò bá nídìí. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ lo awo tó tóbi ju èyí tẹ́ ẹ ní tẹ́lẹ̀, ẹ rí i dájú pé apá gíà ẹ̀yìn lè gbà á, kí ṣéènì sì gùn tó.

Ṣéènì ló máa sọ òótọ́

Awo tuntun ò lè bá ṣéènì tó ti fà ṣe é. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n: láti pín-ìn-nì kan sí ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, íǹṣì 12 géérégé ló yẹ kó jẹ́. Tó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì lé, ẹ pààrọ̀ ṣéènì. Tó bá fi ìdá kan nínú mẹ́jọ lé, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ awo ti bà jẹ́. Ẹ̀dínwó tẹ́ ẹ̀ ń wá nínú àkópọ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni ríra kásẹ́ẹ̀tì odindi bọ́gbọ́n mu.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tò ó

Ọ̀kan lára àwọn ìlà jíjìn tó wà lára họ́ọ̀bù yàtọ̀ sí ìyókù ní fífẹ̀, kí awo lè gba ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé. Ó nídìí: wọ́n gé àwọn eyín kan kúrú kí ṣéènì lè rí ibi gùn bọ́ sórí awo kejì. Ojú tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ló máa kọjú síta. Awo tẹ́ ẹ mú láti ibòmíràn á ṣiṣẹ́ dáadáa jù tó bá wà láàárín irú àwọn aládùúgbò tó ní tẹ́lẹ̀: 15 láàárín 13 àti 17, bí àpẹẹrẹ.

Ẹ de nọ́ọ̀tì dáadáa. 40 Nm ni wọ́n sábà máa ń kọ sára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé táyà ẹ̀yìn sókè, kẹ́ ẹ yí gbogbo gíà lọ, yí i bọ̀. Kẹ́ ẹ tó jáde sí títì, ẹ lọ sí àdúgbò tí ọkọ̀ ò sí, kẹ́ ẹ jókòó lórí básíkù, kẹ́ ẹ tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ dáadáa lórí awo kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá fò níbẹ̀ máa fò lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Ó sàn kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n nílé.