Ọkàn Tó Ti Rẹ̀ Àti Àgùntàn Tí Wọ́n Fi Ń Dán Ẹ̀rọ Rẹ̀ Wò

Àwa tá a wà ní Kàdúná mọ àìsàn yìí: obìnrin á bímọ tán, ẹsẹ̀ á wú, kò ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn torí pé èémí ń há a. Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é. Ọkàn ni, kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ní Zaria tó wà nítòsí wa, Davidson àti Parry kọ ìwé lé e lórí lọ́dún 1978. Wọ́n tọ́ka sí káún inú kunu tí ìyá ọlọ́mọ tuntun ń mu, omi gbígbóná tí wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́, àti ibùsùn amọ̀ tí wọ́n ń dá iná sí lábẹ́. Àríyànjiyàn ò tíì tán lórí ẹ̀. Ẹ má dúró dè é o: bẹ́ ẹ bá rí àmì yìí lára ìyàwó yín, ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà lọ.

Oògùn wà fún un. Tí oògùn ò bá ràn án mọ́, níbi tí owó wà, wọ́n ń so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ọkàn náà, á máa fa ẹ̀jẹ̀ láti apá òsì rẹ̀, á tì í sínú iṣan ńlá. Ẹran ló ń kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1957, ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, Willem Kolff àti Tetsuzo Akutsu fi odindi ọkàn àtọwọ́dá sínú ajá, ó sì wà láàyè fún bíi wákàtí kan àbọ̀.

Ibi tó ṣòro rèé. Ẹran tára ẹ̀ le ò lè jẹ́ ká mọ bí ẹ̀rọ ṣe wúlò tó. Bí ìgbà téèyàn tan jẹnẹrétọ̀ tí iná NEPA ṣì wà ni. Ta ló máa mọ èyí tó ń tan gílóòbù? Àfi kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọkàn ẹran náà di aláìlera. Àwọn kan ń fi wáyà kékeré mú un sáré, ó lè lé ní 200 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí á fi rẹ̀ ẹ́. Àbùkù ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti pa wáyà náà, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò. Ṣé ẹ̀rọ ló wò ó ni àbí ìsinmi? Ti àwọn ìyá ọlọ́mọ wa náà jọ bẹ́ẹ̀, torí ọkàn àwọn kan nínú wọn ń bọ̀ sípò láìsí ẹ̀rọ kankan.

Àwọn mìíràn ń di iṣan tó ń bọ́ ọkàn, tàbí kí wọ́n da ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní sínú ẹ̀ kó dí i. Ajá ní àwọn iṣan kéékèèké mìíràn tó máa ń gba ibẹ̀ sílẹ̀. Ti àgùntàn ò tó nǹkan. Ọmọ màlúù ní tiẹ̀ ń yára dàgbà, ẹ̀rọ tó bá a mu lónìí á kéré fún un lóṣù díẹ̀ sí i. Àgùntàn tó ti dàgbà ò ní yí padà tó bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n ọkàn rẹ̀ sì súnmọ́ ti èèyàn. Ìdí nìyẹn tí irú ẹran tá à ń ná lọ́jà nígbà Iléyá fi ń wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ níbòmíì.