Ìsoríkọ́ àti Àtọ̀gbẹ Lára Ọ̀dọ́langba: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Mọ̀

Bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bá ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, tí kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tí ohun tó máa ń múnú rẹ̀ dùn tẹ́lẹ̀ kò sì wù ú mọ́, ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń pè é ní ọ̀lẹ. Àwọn mìíràn á ní fóònù ló bà á jẹ́, tàbí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló dínkù. Ṣùgbọ́n àìsàn gidi ni ìsoríkọ́, kì í sì í mọ sínú ọkàn nìkan. Bó bá pẹ́ lára ọmọ, ó wà lára ohun tó lè mú kí àtọ̀gbẹ súnmọ́ ọn. Àtọ̀gbẹ náà sì lè fa ìsoríkọ́.

Irú àtọ̀gbẹ wo là ń sọ?

Àtọ̀gbẹ pín sí oríṣi méjì pàtàkì. Nínú oríṣi kìn-ín-ní, ohun tó yẹ kó máa gbèjà ara ló yíjú padà tó ń ba ibi tí ínsúlínì ti ń jáde jẹ́, lẹ́yìn àpòlúkù. Kì í ṣe oúnjẹ ló fà á, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ọmọ tàbí òbí. Nínú oríṣi kejì, ínsúlínì wà, ṣùgbọ́n ara kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu dáadáa mọ́, ṣúgà á wá máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Oríṣi kejì yìí ni ìsoríkọ́ lè dá kún.

Láyé àtijọ́, àìsàn àgbà ni wọ́n ka oríṣi kejì sí. Lónìí, àwọn dókítà ń rí i lára ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè. Ìdí kan ni pé nígbà tí ọmọ bá ń bàlágà, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń le sí ínsúlínì díẹ̀. Bí sísanra jù bá kún un, tí bàbá, ìyá tàbí ìyá àgbà sì ti ní àtọ̀gbẹ rí, ewu náà á pọ̀ sí i. Ìgbà ìbàlágà yìí gan-an ni ìsoríkọ́ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọmọ.

Báwo ni ìbànújẹ́ ṣe ń kan ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọ̀rúndún 17, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Willis, ti sọ pé ìbànújẹ́ tó pẹ́ lè fa àtọ̀gbẹ. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí àwọn àgbàlagbà jọ. Wọ́n rí i pé ewu àtọ̀gbẹ oríṣi kejì fi nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ga sí i lára àwọn tó ní ìsoríkọ́ ju lára àwọn tí kò ní in lọ. Ewu ìsoríkọ́ lára àwọn tó ti ní àtọ̀gbẹ náà ga sí i, ní nǹkan bí ìdá 15 nínú 100.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣẹlẹ̀ kò ju mélòó kan lọ. Nígbà tí ọkàn bá wà nínú ìdààmú fún ìgbà pípẹ́, ara máa ń tú họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní cortisol jáde. Ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dí ínsúlínì lọ́wọ́. Ọmọ tí inú rẹ̀ bàjẹ́ lè máa fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti bísíkíìtì tu ara rẹ̀ nínú. Kì í fẹ́ jáde ṣeré. Oorun rẹ̀ á dàrú, àìsùn nìkan sì tó láti mú kí ara le sí ínsúlínì. Àwọn oògùn ọpọlọ kan náà máa ń mú ènìyàn sanra, èyí ló fi yẹ kí dókítà máa wọn ọmọ tó bá ń lò wọ́n, kó sì máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ọmọ tó bá soríkọ́ ló máa ní àtọ̀gbẹ. Púpọ̀ wọn kò ní ní in láé.

Bí àtọ̀gbẹ bá ti wà ńkọ́?

Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní TODAY tọ́jú ọ̀dọ́langba 699 tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, láti ọmọ ọdún 10 sí 17. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú tàbí ọmọ ìran Látìn. Nǹkan bí 15 nínú 100 wọn ló ní àmì ìsoríkọ́ tó lágbára. Kò yani lẹ́nu: abẹ́rẹ́, oògùn ojoojúmọ́, oúnjẹ tó yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ àti ẹ̀sín nílé ìwé máa ń rẹ ọmọ. Ọmọ tó ti rẹ̀ kì í lo oògùn déédéé, ṣúgà á ga, á tún rẹ̀ ẹ́ sí i. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n tọ́jú méjèèjì pọ̀.

Àwọn àmì tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́

Ti ìsoríkọ́: ìbànújẹ́ tàbí ìbínú òjijì tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, yíyẹra fún ọ̀rẹ́, oorun tàbí oúnjẹ tó yípadà, èsì ìdánwò tó ń lọ sílẹ̀, sísọ pé òun kò wúlò.

Ti àtọ̀gbẹ: òǹgbẹ, ìtọ̀ àtọ̀tọ̀tán, títọ̀ sórí ibùsùn lẹ́yìn tó ti jáwọ́, rírù láìnídìí, àárẹ̀. Ẹ wo ọrùn àti abíyá pẹ̀lú. Bí awọ ibẹ̀ bá dúdú tó sì nípọn, kì í ṣe ìdọ̀tí, kàìnkàìn kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ó lè jẹ́ àmì pé ara ń le sí ínsúlínì.

Àárẹ̀ wà nínú méjèèjì, nítorí náà ẹ má ṣe méfò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò láàárọ̀ kó tó jẹun. Bí ṣúgà bá wà láàárín 100 sí 125 mg/dL, ewu ti ń súnmọ́lé. Bó bá tó 126 (7.0 mmol/L) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyẹ̀wò kejì sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àtọ̀gbẹ ni.

Ohun méjì kì í dúró di ọ̀la. Bí ọmọ bá ń bì, tó ń mí gúlegúle, tí èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bó bá sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ gbé ínsúlínì àti oògùn kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, kí ẹ máa fún un bí àkókò bá tó, kí ẹ sì mú un lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Ohun tí ilé lè ṣe

Ẹ bá ọmọ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì gbọ́ tirẹ̀ tán kí ẹ tó gbà á nímọ̀ràn. Ẹ má ṣe fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àlejò. Bí omi bá máa rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kó jẹ́ fún gbogbo ilé, kì í ṣe fún òun nìkan. Ẹ jọ máa rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ẹ jẹ́ kí ó sùn tó wákàtí mẹ́jọ. Ìtọ́jú ìsoríkọ́ wà: ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ nípa ọpọlọ, àti oògùn bí dókítà bá rí i pé ó yẹ.

Àdúrà dára, kò sì tako ilé ìwòsàn. Ẹ má sọ fún ọmọ pé onígbàgbọ́ kì í banújẹ́. Ànábì Muhammad (SAW) pàápàá rí ọdún tí wọ́n ń pè ní Ọdún Ìbànújẹ́, nígbà tí Khadijah ìyàwó rẹ̀ àti Abu Talib ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kú.

Kí Ràmàdáánì tó dé, kí ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ rí dókítà ní bí oṣù kan sí méjì ṣáájú. Bí dókítà bá ní kó má gbààwẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé wọ́n lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹ jí i sí sààrì, ẹ jẹ́ kó pín dàbínù nígbà ìṣínu, kó sì bá yín lọ kírun àṣálẹ̀.